Èmi àti Sìdí Lórí Yìnyín Tẹ́sáàsì

Súwẹ́tà mẹ́rin ni mo gbé kúrò ní Festac. Àwọn ìyá ìjọ wa ló dáwó rà wọ́n, wọ́n gbàdúrà lé wọn lórí, wọ́n ní òtútù ìlú òyìnbó kò ní í rí mi gbé ṣe. Ìgbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú ní Tẹ́sáàsì, ooru tó gbá mi lójú ju ti Mile 2 lọ́sàn-án gangan lọ. Mo wẹ̀yìn, mo rò pé bóyá ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá kan ni mo dúró sí. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ìlú náà ni.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé Amẹ́ríkà náà ní ibi tí ilẹ̀ ti ń jó èèyàn lẹ́sẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti ní èèyàn lọ sókè òkun, òtútù ni gbogbo ayé máa ń rò. Mo ti àwọn súwẹ́tà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun.

Ooru kọ́ ló wá le jù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní kúlóòsì wa, òpópónà kékeré tá à ń gbé ní Festac, o ò lè yọjú síta láàárọ̀ kó o má kí èèyàn bí i mẹ́wàá kó o tó dé ẹnu géètì. Ní Tẹ́sáàsì, mo lè rìn láti yàrá mi dé kíláàsì kí n má rí ẹlẹ́sẹ̀ kankan, mọ́tò nìkan, gíláàsì wọn dúdú. Iṣẹ́ tí mo rí ṣe ni àwo fífọ̀ ní ilé oúnjẹ yunifásítì. Ẹ̀rọ ló ń fọ̀ ọ́, èmi ni mò ń tò ó wọlé tí mo sì ń kó o jáde, ooru omi gbígbóná á máa gbá mi lójú. Nígbà míì mo máa ń bá àwọn àwo náà sọ Yorùbá, kí ẹnu mi má bàa gbàgbé.

Ọjọ́ Ìsinmi ni mo máa ń pe Dádì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Dádì, bí ẹni ń ka fáìlì ló sì ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ṣé mò ń jẹun? Ṣé mò ń kàwé? Ṣé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì? Tí mo bá ti dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, á ní ó dáa, kí n lọ sinmi. Màmá mi ti kú kí n tó jáde girama, torí náà kò sí ẹlòmíì tó máa gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kó bi mí pé báwo gan-an ni ara mi ṣe rí.

Ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ yìnyín wá ni Kélì, ọmọbìnrin tá a jọ ń fọ àwo. Apá àríwá Amẹ́ríkà ló ti wá, níbi tí odò ti máa ń dì tí èèyàn á sì máa rìn lórí rẹ̀. Ó ní yunifásítì wa fẹ́ dá ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín sílẹ̀ fún àwọn obìnrin, wọn ò sì rí èèyàn. Ó bi mí bóyá mo ti wọ síkéètì, bàtà tí wọ́n fi ń yọ̀ lọ, rí.

Mo rẹ́rìn-ín. Orí síkéètì onítáyà ni mo dàgbà sí. Láràárọ̀ Sátidé, kí mọ́tò tó pọ̀, ibi tí ọ̀dà ò tíì bó ní àfẹ́níù wa ni pápá wa. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ̀yìn sáré, mo mọ bí wọ́n ṣe ń fò kọjá kòtò. Mo ní ká lọ.

Ilé yìnyín náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ńlá kan tí wọ́n ti ń ta àga. Níta, ọ̀dà ń rọ̀ lábẹ́ bàtà. Nínú, ilẹ̀ funfun láú, èéfín òtútù ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn. Mo wọ síkéètì alábẹ, mo gbé ẹsẹ̀ kan lélẹ̀ bí ọ̀gá, kí n tó gbé ìkejì mo ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀. Táyà máa ń kìlọ̀ kó tó yọ̀. Abẹ kì í kìlọ̀. Kóòṣì wa, obìnrin ará Kánádà kan tó ń jẹ́ Dáyánà, dúró tì mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n dìde, kí n tún un ṣe. Lọ́jọ́ kejì mo fa súwẹ́tà kan yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo padà lọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ nígbà yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́. Kélì nìkan ló mọ eré náà dáadáa. Ọ̀kan nínú wa ti ń jó lórí yìnyín láti kékeré, àmọ́ kò mú ọ̀pá họ́kì rí. Ọ̀kan jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Àwọn yòókù kàn fẹ́ gbìyànjú ni. Tá a bá gbé tábìlì sínú ọgbà yunifásítì láti wá èèyàn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á rò pé àwàdà là ń ṣe. Họ́kì orí kí ni? Nínú oòrùn yìí? Ẹni tó ni ilé yìnyín fẹ́ràn àwọn ọmọdé tó wá ń ṣọjọ́ ìbí jù wá lọ, ìdájí nìkan ló máa ń fún wa láyè. Tí ooru bá ti mú, yìnyín á rọ̀, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tá a máa ń fi ọ̀pá lé kiri á sì máa lọ́ra bíi pé inú ẹ̀kọ ló wà. Ẹgbẹ́ tó sún mọ́ wa jù, odindi ọjọ́ kan ni bọ́ọ̀sì máa ń fi gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ́fíìsì eré ìdárayá sì ti là á mọ́lẹ̀ fún Kóòṣì: tí iye wa ò bá pé, tàbí tá ò bá gba ẹgbẹ́ mìíràn lálejò nílé kí ọdún tó parí, wọ́n á tú wa ká.

Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mọ́ mi. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tá a bá yọ Kélì kúrò, kò sẹ́ni tó lè bá mi sáré nínú wọn. Ní ìdájí ọjọ́ kan Kóòṣì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ẹsẹ̀ mi dáa. Gbólóhùn kan ṣoṣo. Mo rọra gbé e lọ sílé bí ẹni gbé ẹyin. Nígbà tí mo sọ fún Dádì, ó ní ṣé torí ìyẹn ni mo ṣe lọ. Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Dádì ti dìde nínú ìpàdé àwọn àgbà ọkùnrin, ó ní ọmọ òun ń sáré lórí omi.

Èmi fúnra mi ni mo fi Sìdí hàn wọ́n. Kóòṣì bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ẹsẹ̀ yìí. Mo mú fóònù jáde, mo fi fídíò kan hàn án, èmi nìyẹn tí mò ń sáré bọ̀ ní àfẹ́níù wa. Mò ń retí kó yìn mí. Ó wò ó, ó dá a padà sẹ́yìn, ó tún un wò. Ó wá nàka sí ẹnì kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, tó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yí kòtò po bíi pé kòtò náà ló ń yà fún un.

"Ta nìyẹn?"

Sìdí ni. Sìdíkátù, ọmọ Kuje, abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac tiwa. Mo fi bí ọdún mẹ́ta jù ú lọ. Ó máa ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Kuje láràárọ̀ Sátidé wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, á máa wò wá, títí mo fi bọ́ síkéètì mi fún un lọ́jọ́ kan, tí mo dì í lọ́wọ́ mú. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dúró. Ní ti bí wọ́n ṣe ń fò, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Kóòṣì. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo ti ń ki fóònù bọ àpò padà. Ṣùgbọ́n ẹni méjì ti fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ lóṣù yẹn, iye wa ò pé mọ́. Mo fún Kóòṣì ní nọ́ńbà Sìdí, ó pè é, yunifásítì sì ní àwọn á gbà á wọlé. Mo sì ń sọ nínú ara mi pé wọn ò kúkú ní í fún un ní físà.

Wọ́n fún un.

Sìdí dé pẹ̀lú ẹrù tó ju òun fúnra rẹ̀ lọ: gaàrí, ata gígún, ẹja gbígbẹ tí màmá rẹ̀ fi ọ̀rá wé títí kò fi rùn mọ́. Yàrá mi ló kọ́kọ́ sùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi lẹ́nu ilẹ̀kùn lójú gbogbo àwọn òyìnbó tó ń kọjá, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ ṣé o." Inú mi dùn, mi ò ní í purọ́. A din ẹja títí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ òórùn èéfín fi figbe ta nínú ilé, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn jáde síta. A dúró lórí koríko pẹ̀lú àwo ẹja lọ́wọ́, à ń jẹ, à ń sọ̀rọ̀ àdúgbò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbàgbé pé mo wà nílẹ̀ àjèjì.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sórí yìnyín, ó ṣubú bíi tèmi. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo fà á dìde. Mo ti ń múra láti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò tó oṣù kan tó fi kọjá mi. Kò pẹ́ sí i tó fi kọjá Kélì.

Kì í sáré bí àwa yòókù ṣe ń sáré. Àwa máa ń ti ilẹ̀ sẹ́yìn ni. Òun, bíi pé ilẹ̀ ló ń gbé e lọ síbi tó ń lọ. Àwọn oníròyìn yunifásítì wá ya fọ́tò rẹ̀, híjáàbù lábẹ́ àṣíborí, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Wọ́n kọ́ orúkọ rẹ̀ ní àkọ́yé. Orúkọ tèmi, ìlàjì rẹ̀ ni wọ́n ń pè látọjọ́ tí mo ti dé, èmi ni mo gé e kúrú kó lè rọ̀ wọ́n lẹ́nu. Sìdí ò gé tiẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì í pè, á rẹ́rìn-ín, á ní kí wọ́n tún un pè, wọ́n á sì tún un pè bí ọmọ jẹ́léósinmi. Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò wá. Àwọn tuntun forúkọ sílẹ̀, iye wa pé. Ohun tá à ń gbàdúrà fún nìyẹn. Sìdí ló gbé e wá.

Lọ́jọ́ kan Kóòṣì pè mí, ó ní láti ìgbà náà lọ, orí bẹ́ǹṣì ni n ó ti máa bẹ̀rẹ̀, kí n máa wọlé nígbà tó bá rẹ Sìdí.

Kì í rẹ̀ ẹ́.

Mo máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú gbogbo ìmúra, ọ̀pá láàárín orúnkún, mo máa ń retí kó kọsẹ̀. Tó bá jẹ gọ́ọ̀lù, èmi ni mo máa kọ́kọ́ sáré lọ dì mọ́ ọn, kí gbogbo èèyàn lè rí bí àǹtí rẹ̀ ṣe ń yọ̀. Eyín mi á hàn síta, ọwọ́ mi á máa gbá a lẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ irú ẹjọ́ tí wọ́n máa dá fún àgbà tó ń jowú àbúrò. Mo ti dá a fún ara mi tẹ́lẹ̀. Kò dá owú náà dúró.

Dádì wá fi ìbéèrè kẹrin kún mẹ́ta tó máa ń bi mí. Ṣé mò ń jẹun, ṣé mò ń kàwé, ṣé mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Sìdí ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà yẹn. Kí ìjọba tó kọ́ Festac, oko àti àbàtà ni, àwọn bíi bàbá Sìdí ló ni ín. Ní ti wa, iṣẹ́ ìjọba ló gbé Dádì débẹ̀, ilé ìjọba la sì wọ̀. Inú kúlóòsì yẹn ni mo dàgbà sí, mo rò pé èmi ni mo ni ibẹ̀, títí mo fi bá Sìdí dé ilé wọn ní Kuje lọ́jọ́ kan, tí bàbá rẹ̀ nawọ́ sí ọ̀kánkán ilé wa, tó ní ibẹ̀ ni bàbá àgbà òun ti máa ń dẹ ìgèrè fún ẹja. Kò fi ṣe ìyangàn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀, ó sì ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Nígbà tí mo dé Tẹ́sáàsì, mo sọ fún ara mi pé ibí yìí, èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Èmi ni mo máa mú àlejò mọ̀nà. Sìdí dé lẹ́yìn mi, kò sì pẹ́ tó fi dà bí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀ náà. Ṣé wọ́n máa ń bí i mọ́ èèyàn ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ ilẹ̀ níbikíbi tó bá tẹ̀? Àbí ẹni tó mọ̀ pé ibì kan wà láyé tẹ́nikẹ́ni ò lè sọ pé kí òun ti kúrò ni kì í bẹ̀rù ibòmíì? Ohun tí mo rí ni pé èèyàn méjì lè jọ jẹ́ àlejò nílé kan, kí ìkan jókòó sórí àga, kí ìkejì máa wá ibi tó máa dúró sí.

Nígbà ìsinmi gígùn, mo wá sílé. Sìdí dúró, torí Kóòṣì fẹ́ kó máa gbára dì. Inú mi dùn pé èmi nìkan ni mò ń bọ̀. Ọkọ̀ gbé mi kọjá Mile 2, àwọn tírélà tò gbọọrọ bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ kí ariwo lè wọ̀ mí létí. Mo ti ń ro bí wọ́n ṣe máa kí mi ní kúlóòsì. Ẹni tó kọ́kọ́ rí mi ni Bọ̀dá tó ń tún firíìjì ṣe ní kọ́nà wa. Ó ju síkúrúdíráfà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Káàbọ̀ o. Sìdí wa ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì mo lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Kuje. Màmá rẹ̀ dì mọ́ mi, ó sunkún díẹ̀, ó fà mí wọ pálọ̀. Fọ́tò Sìdí tí àwọn oníròyìn yunifásítì yà ti wà lára ògiri, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi férémù sí i. Èmi náà wà nínú fọ́tò yẹn. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ máa rí apá mi lẹ́yìn, níbi bẹ́ǹṣì. Màmá Sìdí gbàdúrà fún mi títí, ó ní èmi ni Ọlọ́run lò fún ọmọ òun. Mò ń ṣe àmín. Ọlọ́run lò mí lóòótọ́, bí wọ́n ṣe máa ń lo àkàbà.

Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, ó gbé àpò ẹrù kan síwájú mi, ó ní kí n bá òun gbé e fún un. Nílé, nígbà tí à ń di àpótí mi, kò gbà wọ́n tán. Dádì fara balẹ̀ wò ó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gaàrí tèmi síta. Mo ní, "Dádì, tèmi nìyẹn." Ó ní ẹrù ẹlẹ́rù ni tibí, tẹni lèèyàn máa ń fi sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo ké bí ọmọdé.

Ìgbà tí mo padà dé Tẹ́sáàsì, mo bá wàhálà. Ẹ̀rọ tó ń dì yìnyín ti bàjẹ́ nínú ooru. Ilẹ̀ funfun yẹn ti di omi, sìmẹ́ǹtì ìsàlẹ̀ rẹ̀ hàn síta. Ẹni tó ni ín ní ó máa pẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe, bẹ́ẹ̀ a ti pe ẹgbẹ́ mìíràn sílé, ọjọ́ ti sún mọ́lé. Tá a bá dúró láìṣe nǹkan kan, ara á ti le, wọ́n á wá fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Tá a bá sì fagi lé eré náà, ọ́fíìsì á tú wa ká. Àwọn kan ti ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Kóòṣì jókòó, ó ń wo sìmẹ́ǹtì yẹn.

Mo sọ fún wọn pé níbi tí mo ti wá, kò sí yìnyín rárá. Mo ní kí wọ́n wá síkéètì onítáyà. Òkè pátápátá ilé alájà tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí nínú ọgbà máa ń ṣófo láàárọ̀. Mo kó wọn lọ síbẹ̀.

Àwọn ló wá di àlejò. Kélì tó ń fò lórí yìnyín di ògiri mú bí arúgbó. Kóòṣì fúnra rẹ̀ ṣubú, ó sì jókòó sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣubú lórí ọ̀dà, torí tèèyàn bá ṣubú lórí yìnyín, á yọ̀ lọ ni, tó bá ṣubú lórí ọ̀dà, awọ ara ló máa fi sílẹ̀. Mo kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró lójijì. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tuntun fẹ́ máa jiyàn, Sìdí yíjú sí i, ó ní, "Àwọn ló kọ́ mi. Ohun tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ṣe ni kẹ́ ẹ ṣe." Òyìnbó ló fi sọ ọ́, kò sí "àwọn" nínú èdè òyìnbó tó máa fi bọlá fún mi, àmọ́ mo gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo jẹ ọ̀gá lórí òrùlé yẹn títí wọ́n fi tún ẹ̀rọ ṣe, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí àlejò dé. Kò síbi tí mo tún gbádùn tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà.

A gba àlejò. Ilé kún. A fìdí rẹmi, àmọ́ kì í ṣe pẹ̀lú ìtìjú. Sìdí ló jẹ gbogbo gọ́ọ̀lù wa, mo sì wọlé fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lópin eré. Ọ́fíìsì ní ká máa bá a lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ti jókòó ní kọ̀rọ̀ tó ń wò wá dìde, tó lọ bá Sìdí sọ̀rọ̀. Kóòṣì yunifásítì ńlá kan ní àríwá ni. Wọ́n fẹ́ mú un.

Ó wá bá mi ní yàrá lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Mò ń ká aṣọ. Ó jókòó sílẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, ó gbé ẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì.

"Àǹtí mi, ṣé kí n lọ?"

Mo ká aṣọ kan, mo tú u, mo tún un ká. Tí mo bá ní kó lọ, ìbàdí mi á kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Tí mo bá ní kó dúró, ẹgbẹ́ wa á dúró, èmi náà á sì lè sọ pé mo dá a dúró. Kò sí ìdáhùn kankan tí n kò ní jẹ èrè níbẹ̀.

Mo ní, "Má bi mí, Sìdí. Mò ń jowú ẹ. Ó ti pẹ́."

Kò yà á lẹ́nu. Ó ń fi ìka fa okùn bàtà rẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí. "Ìdí tí mo ṣe ń bi yín nìyẹn. Kélì fẹ́ràn mi, á ní kí n lọ. Kóòṣì nílò mi, á ní kí n dúró. Ẹni tó ń jowú èèyàn kì í mójú kúrò lára ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ wò mí jù. Ẹ sọ fún mi, ṣé mo dáa lóòótọ́, àbí torí pé àwọn ará ibí ò mọ eré yìí ni mo ṣe dáa?"

Mo jókòó sórí àwọn aṣọ tí mo ti ká. Mo ronú gidi, torí ìbéèrè gidi ni. Mo ní ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣì ń lọ́ra. Mo ní tí wọ́n bá há a mọ́ ògiri, ó máa ń bínú, ó sì máa ń sọ rọ́bà nù. Ó ń mi orí. Ó mọ̀. Mo wá ní, "Yàtọ̀ sí ìyẹn, o dáa. O dáa ju ibí lọ. Máa lọ."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Bóyá ìfẹ́ ló sọ ọ́ àbí owú, mi ò lè sọ. Àwọn méjèèjì ti jọ gbé nínú mi pẹ́, wọ́n ti ń fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn tó lọ, ẹgbẹ́ mì. Àwọn kan tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá náà bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Mo gbé tábìlì síta fúnra mi. Mi ò bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ yìnyín mọ́, orí òrùlé yẹn ni mò ń ní kí wọ́n wá, kí wọ́n wá kọ́ ti táyà ná. Wọ́n ń wá. Àwọn tí wọn ò rí yìnyín rí láyé wọn, àfi nínú ife ọtí ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ń kọ́ ọ lórí ọ̀dà, a wá ń kó wọn wọ ilé yìnyín lọ díẹ̀díẹ̀. Kóòṣì fi mí sí àyè Sìdí. Kò sẹ́lòmíì ni.

Eré àkọ́kọ́ tá a gbà sílé lẹ́yìn náà, wọ́n fìyà jẹ wá débi pé àwọn òǹwòran ò pariwo mọ́. Àmọ́ gọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tá a jẹ, èmi ni. Kò rẹwà. Rọ́bà ta lára orúnkún ẹnì kan, ó ta lára ọ̀pá mi, ó sì rọra yọ́ wọlé bí olè. Kélì gbé mi sókè. Mo pe Dádì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Ọjọ́ Ìsinmi. Àyà rẹ̀ já, ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní mo jẹ gọ́ọ̀lù. Ó ní mélòó ni àwọn yẹn jẹ. Mo ní kó má bi mí. Dádì rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lórí fóònù rí, ó gùn, ó sì dé ìsàlẹ̀ ikùn. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Sìdí ti gbọ́?"

Sìdí ti gbọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yàrá ni ìpè rẹ̀ wọlé. Ó ní òun wo eré náà lórí fóònù, ó kí mi kú oríire. Mo bi í nípa tiwọn. Ó ní àwọn náà ṣeré, àwọn sì borí. Mo ní gọ́ọ̀lù mélòó ni òun jẹ. Ó ní òun ò tíì wọlé. Àwọn tó wà níbẹ̀, látìgbà tí wọ́n ti ń rá ni wọ́n ti wà lórí yìnyín, orí bẹ́ǹṣì ni òun ṣì wà. Ó wá tún padà sórí gọ́ọ̀lù mi. Báwo ló ṣe rí lára mi? Ṣé ilé kún? Ṣé wọ́n pariwo? Ohùn rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí ẹ̀rín kankan nínú rẹ̀. Mo mọ ohùn yẹn. Èmi ni mo ni ín.

Ó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ó dùn mọ́ mi dé egungun, mo sì jókòó jẹ́ẹ́, mo gbádùn rẹ̀.

Lẹ́yìn náà mo bi í pé ṣé ó ti jẹun. Ó ní rárá. Mo ní kó má pa fóònù, kó gbé omi kaná. Mo gbọ́ tó ń wá ìkòkò, èmi náà gbé tèmi kaná. A ò sọ̀rọ̀ yìnyín mọ́. Nígbà tí omi hó, a jọ da gaàrí sí i, òun lọ́hùn-ún, èmi níbí, mo sì ní kó rò ó dáadáa, kó má jẹ́ kó ní kókó.